Bẹ́ǹṣì Ẹlẹ́ni Méjì

Ṣọ́ọ̀bù Fọ́tò Bàrúwà,
Ayétòrò.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 2024.

Husain, Kẹ́hìndé mi,

Mo kí ọ, mo kí òtútù Brussels tó ń bá ọ gbé. Ìwọ tí wọ́n ní o jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nítorí pé o dúró sẹ́yìn, tí o rán mi wá tọ́ ayé wò: mo ti tọ́ ọ wò o, iyọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Màmá wà, orúnkún ló kàn ń yọ wọ́n lẹ́nu. Habeebah àbúrò wa ti di tíṣà pátápátá, díẹ̀ ló kù kó máa fi bíró pupa máàkì ọ̀rọ̀ ẹnu wa nínú ilé.

Iṣẹ́ dé. Àwọn kan ní Abẹ́òkúta fẹ́ kí n ya fíìmù kékeré kan nípa àwọn ìyá àgbà tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Ẹ̀gùá lọ tajà ní ìhà kejì ààlà, àwọn tí ọkọ wọn wà níhìn-ín tí àwọn ọmọ wọn wà lọ́hùn-ún. Wọ́n fẹ́ rí i kí oṣù kẹfà tó parí. Ǹ bá ti jó, àfi bí kámẹ́rà mi ṣe dákú lọ́sẹ̀ tó kọjá tí kò jí mọ́. Gbogbo àwọn tó ń tún un ṣe ní Ìlaròó ló ti tú u wò, ọ̀kan tiẹ̀ gbàgbé síkúrúù rẹ̀ méjì sílé.

Nítorí náà ni mo ṣe fi lẹ́ńsì Bàbá wa, èyí tí wọ́n kọ àádọ́ta sí lára, tí olóògbé fi jẹun títí ó fi lọ, rán Ṣàíbù tó ń ná ọjà Kútọnu. Yóò fún ẹnì kan tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Má bínú pé mi ò kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó ń ra fìlà, orí ló ń gbé lọ sọ́jà. Gbé lẹ́ńsì náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta kámẹ́rà àlòkù, kí o dán an wò lórí èyí tí o bá bá níbẹ̀. Mi ò wá kámẹ́rà olówó gọbọi. Lẹ́ńsì ni ojú, ara kámẹ́rà kàn jẹ́ orí tó ń gbé ojú náà kiri ni. Èyíkéyìí tí lẹ́ńsì Bàbá bá ti lè jókòó sí, tó sì lè ya fídíò nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré, rà á, kí o fi ránṣẹ́. Má fi súùmù kún un. Lẹ́ńsì tó ń fa nǹkan mọ́ra yẹn ń sọ ayàwòrán di ọ̀lẹ: yóò dúró sí òdìkejì títì, yóò máa fa ojú ìyá arúgbó mọ́ra bí ẹni ń jí ẹran nínú ìkòkò. Lẹ́ńsì Bàbá kì í fa ẹnikẹ́ni mọ́ra. Ẹsẹ̀ rẹ lo máa fi lọ bá èèyàn, wàá kí i, wàá jókòó tì í.

Habeebah á ya lẹ́tà yìí sórí fóònù rẹ̀, á fi ránṣẹ́, bí a ti ń ṣe é láti ìgbà tí Bàbá ti ní ọ̀rọ̀ fóònù ń fò lọ, ọ̀rọ̀ ìwé ń dúró. Jọ̀ọ́, yára. Kámẹ́rà ti kú, lẹ́ńsì ti lọ, mo kàn jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù bí afọ́jú ni.

Èmi ni,
Hassan Táyé.


Brussels.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, 2024.

Táyé mi,

Àsàlámù àlékùm. Lẹ́ńsì dé láyọ̀. Nígbà tí mo tú aṣọ tí o fi wé e, òórùn ṣọ́ọ̀bù Bàbá ló kọ́kọ́ jáde, mo sì jókòó sórí ibùsùn fún ìgbà díẹ̀.

Má bínú pé mo pẹ́. Ọmọ Bìní kan tó ń jẹ́ Peace ló ń ta kámẹ́rà àlòkù nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin wa, mo sì ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Méjì ló wà tí mo lè rà. Èkíní ni Nikon ńlá, ìran èyí tí Bàbá lò, lẹ́ńsì náà wọ ẹnu rẹ̀ láìjà. Ṣùgbọ́n bí iná yàrá bá ti kéré, àwòrán rẹ̀ a máa rí bí ìgbà tí èèyàn wọ́n yanrìn sí i. Èkejì ni Sony kékeré. Ẹnu tirẹ̀ yàtọ̀, ó fẹ́ òrùka irin tí wọ́n fi ń so òun àti lẹ́ńsì pọ̀. Ó ń ríran nínú òkùnkùn, bí o bá sì ń yí lẹ́ńsì, ibi tí ojú rẹ̀ bá mú á pọ́n lójú gíláàsì ẹ̀yìn kí o lè mọ̀. Àmọ́ bátìrì rẹ̀ ń tètè kú, mo sì mọ bí iná ṣe rí ní Ayétòrò.

Mi ò mọ èyí tí màá mú. Mi ò fẹ́ fi nǹkan tó máa dójú tì ọ́ níwájú àwọn ará Abẹ́òkúta ránṣẹ́. Ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà níbí, nǹkan gidi kan ò tíì ti ọwọ́ mi dé ilé. Peace ní òun á bá mi fi méjèèjì pamọ́. Nikon àbí Sony? Orúkọ kan péré ni kí o kọ.

Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba. Lọ́yà ní tí mo bá fi ẹsẹ̀ kan kúrò nílùú yìí báyìí, ọdún mẹ́wàá náà gbé. Ẹ máa fi àdúrà rántí mi. Bá mi kí Màmá, bá mi kí tíṣà.

Husain.


Ayétòrò.
Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún, 2024.

Husain ọmọ mi,

Habeebah ló ń bá mi kọ ọ́. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìrìn ilé. Má bínú pé lẹ́tà rẹ pẹ́ nílẹ̀ tí a kò fèsì. Òjò pọ̀, iná kò sí, fóònù Habeebah sì bọ́ sómi. A ń rí i pé o ń pè. Nẹ́tíwọ́kì ni.

Táyé rìnrìn àjò. Ó wà ní Pobẹ̀ ní ìhà kejì ààlà, ó lọ bá àwọn ìyá tó fẹ́ yà. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí o béèrè, ó ní kí o ra Canon, èyí tó ní lẹ́ńsì gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, irú ti Wisdom ayàwòrán Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. Ó ní kò sí ìkánjú níbẹ̀. Má yọ ara rẹ lẹ́nu.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Má wá sílé lọ́dún yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ láti Ayétòrò, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́, ìbáà ṣe ẹbí, má gbé e, irọ́ ló kún ẹnu àwọn èèyàn. Máa jẹun. Máa ka Àyátúlí Kúrúsì sí ara rẹ kí o tó sùn. Ṣé ara rẹ dá? Ṣé o ń sùn? Kọ bí ara rẹ ṣe rí fún mi, ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́ ju ti kámẹ́rà lọ.

Ìyá rẹ,
Àṣìkẹ́.


Brussels.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún, 2024.

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ara mi dá, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Kí ni mo ṣe fún yín tí ẹ kò gbé fóònù mi? Mo pè yín lẹ́ẹ̀mejìdínlógún, mo pe Táyé títí mi ò ka iye rẹ̀ mọ́. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ dún.

Màmá, èsì tí ẹ kọ yẹn kì í ṣe ti Táyé. Ọ̀kan nínú méjì ni mo ní kó mú, ó wá lọ mú ẹ̀kẹta. Ẹni tó ní súùmù ń sọni di ọ̀lẹ lóṣù kẹta, òun ló ní kí n ra súùmù lóṣù karùn-ún. Ẹni tó ní kí n yára, òun ló ní kò sí ìkánjú, nígbà tí oṣù kẹfà tí wọ́n dá fún un ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Tí mo bá sì ra lẹ́ńsì Canon gígùn yẹn, kí ni a fẹ́ fi ti Bàbá ṣe, èyí tó tìtorí rẹ̀ wá kámẹ́rà?

Àbí ó ń bínú pé mo pẹ́ ni? Kó kọ ìbínú náà ránṣẹ́, màá kà á, màá bẹ̀ ẹ́. Àbí ara rẹ̀ ò yá? Mo ti ra Sony náà, mi ò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé èyíkéyìí tí lẹ́ńsì bá ti jókòó sí, kí n rà á. Èmi ni mo ń yan kámẹ́rà bí ẹni ń yan ìyàwó. Ọ̀rẹ́ mi kan ń kó mọ́tò tokunbo lọ Kútọnu, màá fi sínú ọ̀kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ránṣẹ́ àfi tí mo bá rí ìwé tí Táyé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Kó kọ orúkọ rẹ̀ nìkan, ó tó. Mo bẹ̀ yín, Màmá.

Ọmọ yín,
Husain.


Ayétòrò.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà, 2024.

Husain, ọmọ mi àtàtà,

A kí ọ. Inú mi dùn pé ara rẹ dá, mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Táyé ń kí ọ. Ọwọ́ ló ń dùn ún, kò lè kọ̀wé. Jẹ́ kí kámẹ́rà náà wà lọ́dọ̀ rẹ ná.

Mo fẹ́ rán ọ níṣẹ́ kan. Fọ́tò gbogbo ọmọ Ayétòrò ló kún inú àpótí Bàbá yín, àmọ́ ẹ̀yin méjèèjì kò ní ọ̀kan tí ẹ jọ jókòó sí láti ìgbà tí ẹ ti jáde ìwé mẹ́wàá. Mo fẹ́ gbé ọ̀kan kọ́ sí pálọ̀. Wá bẹ́ǹṣì kan. Jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀, kí apá òsì ṣófo, kí o kọ ojú díẹ̀ sí ibi tó ṣófo náà. Kí ẹni tó ń yà ọ́ má gbé kámẹ́rà kúrò lójú kan. Lẹ́yìn náà, dìde, jókòó sí apá òsì, kí ọ̀tún ṣófo. Aṣọ kan náà ni kí o wọ̀, fìlà kan náà. Bí Wisdom ṣe ní kí o ṣe é nìyẹn, òun ló máa ṣètò ìyókù. Táyé náà á ya tirẹ̀ níbí.

Yára, ọmọ mi. Oorun ò lè kun ojú mi àfi tí fọ́tò yẹn bá dé.

Ìyá rẹ,
Àṣìkẹ́.


Brussels.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà, 2024.

Màmá,

Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka lẹ́tà yín, mi ò sì mọ ibi tí mo ti sọ̀ kalẹ̀.

Ṣé ẹ ti gbàgbé ẹni tó máa ń gbé bẹ́ǹṣì yẹn fún Bàbá ni? Èmi àti Táyé ni. A jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí wọ́n mú ọmọbìnrin kékeré kan wá láti Ẹ̀gùá, ó wọ lẹ́ẹ̀sì pupa. Bàbá gbé e jókòó sí ọ̀tún, ó yà á. Ó gbé e sí òsì, ó yà á. Ọmọ náà ní, "Ta ló ń bọ̀ wá jókòó síbí?" Nígbà tí fọ́tò jáde, Bàbá fi abẹ gé méjèèjì, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó ní tí ìlà àárín bá ti hàn, iṣẹ́ ò dára. Ìyá ọmọ náà gbà á, ó ń wò ó bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí wọ́n lọ tán ni Bàbá sọ fún wa pé ìkejì rẹ̀ ti lọ.

Wọn kì í ní kí ẹni tí ìkejì rẹ̀ wà láàyè jókòó sí ìdajì bẹ́ǹṣì. Táyé dà, Màmá? Tí ẹ bá tún sọ fún mi pé ó wà ní Pobẹ̀, màá wọ bàálù lọ́la, kí ìjọba máa gbé ìwé wọn lọ.

Ẹ kọ́kọ́ sọ èyí fún mi. Ṣé kámẹ́rà ló ń lọ yá? Lẹ́ńsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kámẹ́rà méjì wà ní ṣọ́ọ̀bù Peace nígbà náà, èmi sì jókòó, mo ń yan. Ṣé nítorí pé mo ń yan ni?

Husain.


Ayétòrò.
Ọjọ́ kìíní, oṣù keje, 2024.

Husain,

Habeebah ń sunkún, ìdí tí ọwọ́ ìwé rẹ̀ fi rí báyìí nìyẹn. Fara dà á, kí o kà á tán.

Ẹnu mi ò ní sọ pé ìbejì kú. Ó lọ sọ́jà. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin ló lọ, lójú ọ̀nà Ajílété. Ọkọ̀ kan tó kó ìrẹsì ń sá eré àsápajúdé bọ̀, ó gbá ọ̀kadà tó gbé e. Wọ́n ní kò jìyà. Àwọn ará Ajílété gbé e wá fún wa pẹ̀lú fìlà rẹ̀, a sì sin ín lọ́jọ́ náà, bí ẹ̀sìn wa ti wí.

Àwọn àgbà ilé ní a kì í sọ ọ́ fún èkejì, kó má baà tẹ̀ lé e. Alfa ní kí n má gbà á gbọ́, pé Ọlọ́run nìkan ló ń yan ọjọ́. Mo gbọ́ ti Alfa. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí yín, mi ò lè fi ọ̀kan tó kù dán nǹkan wò. Ìgbà tí o ní kí Táyé mú ọ̀kan nínú kámẹ́rà méjì, bí mo bá ní kí o má rà á, wàá béèrè ìdí. Èmi àti Habeebah wá kọ irú èyí tí a rí lọ́rùn Wisdom nígbà tó wá kí wa. Òun náà ló ní Bàbá yín kọ́ òun ní fọ́tò bẹ́ǹṣì, pé tí a bá yà á, ẹni tó kù á lè dúró. Mo rò pé o ti gbàgbé.

O béèrè bóyá kámẹ́rà ló ń lọ yá. Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dọ̀ Wisdom ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. Mi ò ní parọ́ fún ọ mọ́, nítorí náà gbọ́ ìyókù. Táyé ka lẹ́tà rẹ, ó ní, "Sony ni. Màá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i tí mo bá dé." Mi ò lè fi orúkọ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde gbẹ̀yìn yẹn parọ́ fún ọ, ìdí tí mo fi kọ Canon nìyẹn. Táyé fẹ́ dúró dè ọ́. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ò pọ̀ jù. Èmi ni mo ní kó lọ. Mo ní ó jókòó kalẹ̀ bí obìnrin tó ń retí ọkọ láti ìlú òyìnbó, nígbà tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní kámẹ́rà níbí. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ, títí ó fi wọ bàtà. Èmi fúnra mi ni mo pe ọlọ́kadà.

Ìdí tí mi ò fi gbé fóònù rẹ nìyẹn. Àṣà ni mo fi bojú, ìtìjú ni mo ń sá fún. Bí o bá ń wá ẹni tí o máa bínú sí, má wá a jìnnà.

Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ya fọ́tò náà. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn mí yìí. Má wá sílé, ọ̀nà tó gbé Táyé lọ ṣì wà níbẹ̀. Ya fọ́tò náà, kí n lè rí yín pọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ lè dúró láyé.

Àṣìkẹ́, ìyá yín.


Brussels.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ, 2024.

Màmá mi,

Ó ti lé lógójì ọjọ́ tí mi ò kọ̀wé. Mo bínú sí yín fún ọ̀sẹ̀ kan, mo wá fi ìyókù bínú sí ara mi. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀yin lẹ ní kó lọ, èmi ni mo jẹ́ kó pẹ́ nílé láìní kámẹ́rà. Bí a bá ní ká pín ẹ̀bi yìí, á kárí, á tún ṣẹ́ kù. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Èmi ni mo rán an wá tọ́ ayé wò. Ta ló tún rán an ṣíwájú lẹ́ẹ̀kejì yìí? Màmá, èmi kọ́ ni mo rán an.

Mo ya fọ́tò náà lánàá, ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Peace. Òun ló yá mi ní bẹ́ǹṣì. Mo fi òrùka so lẹ́ńsì Bàbá mọ́ Sony, mo gbé e lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́ńsì yẹn kì í fa ẹnikẹ́ni mọ́ra, bí Táyé ṣe wí, nítorí náà bẹ́ǹṣì ni mo ń gbé sún síwájú sún sẹ́yìn títí ojú fi mú. Peace bá mi tẹ̀ ẹ́. Èyí tí mo ti jókòó sí ọ̀tún, èmi nìyẹn, ẹ ó rí i pé ojú mi wú. Nígbà tí mo sún sí òsì, mo sọ fún ara mi pé èmi ni Táyé báyìí, Màmá ló máa máa wò mí láràárọ̀, kí wọ́n má rí i pé mo ń jìyà. Ni mo bá rẹ́rìn-ín. Peace ló ń sunkún.

Kí Wisdom gé e dáadáa, kí ìlà àárín má hàn. Mi ò ní wá, bí ẹ ṣe fẹ́. Lọ́yà ní ó ku oṣù méje. Kámẹ́rà wà lórí tábìlì mi pẹ̀lú lẹ́ńsì lẹ́nu rẹ̀, mi ò mọ ẹni tí màá fi ránṣẹ́ sí.

Husain.


Ayétòrò.
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án, 2024.

Husain ọmọ mi,

Habeebah ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Fọ́tò dé. Wisdom gé e, ìlà àárín kò hàn rárá. A gbé e kọ́ sókè àga Bàbá yín. Àwọn ará àdúgbò ń wá wò ó, wọ́n ní Táyé nìyí, Kẹ́hìndé nìyí, ìbejì Àṣìkẹ́ pé. Mo ṣe àmín fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo jókòó síwájú rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Táyé kì í rẹ́rìn-ín níwájú kámẹ́rà. Láti kékeré ni Bàbá yín ti máa ń fi súùtì bẹ̀ ẹ́, á kàn fún ẹnu pọ̀ ni. Ìwọ lo máa ń rẹ́rìn-ín. Nínú fọ́tò yìí, Táyé ló ń rẹ́rìn-ín, ojú Kẹ́hìndé ló kú. O bọ́ ẹ̀rín ara rẹ, o fi wọ̀ ọ́. Mo wò ó títí, mo wá rí i pé kì í ṣe ọmọ méjì ni mo gbé kọ́ ògiri. Ìbejì kan ṣoṣo tó kù fún mi ni mo gé sí méjì.

Mo ti ní kí Habeebah gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí o má wá, mo gba ọ̀rọ̀ náà padà. Bí ìjọba bá fún ọ níwèé, ó dáa. Bí wọn ò bá fún ọ, má dúró de oṣù méje. Wá gba ẹ̀rín rẹ.

Gbé lẹ́ńsì Bàbá yín dání, àti kámẹ́rà náà. Ìyá àgbà mẹ́ta ni Táyé ti bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Ẹ̀gùá, wọ́n ṣì ń béèrè ìgbà tí ayàwòrán ń bọ̀. Ṣàíbù á dúró dè ọ́ ní Kútọnu. Pobẹ̀ ni kí ẹ gbà wọ Ẹ̀gùá, ẹ má gba Ajílété. Bí ọkọ̀ ò bá tètè dé, ẹ jókòó dè é, bó pẹ́ títí. Má gun ọ̀kadà.

Ìyá rẹ,
Àṣìkẹ́.